Àwọn Ọmọ Wa àti Ìwé Àwọn Ọ̀dọ́ Alágbára



Ní ọdún 2018, Tomi Adeyemi, ọmọ wa tí a bí sí Amẹ́ríkà, tẹ ìwé Children of Blood and Bone jáde. Ọ̀dọ́mọbìnrin inú rẹ̀, Zélie, ti ọwọ́ Ọya gba agbára láti pe ẹ̀mí òkú. Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé náà, ṣùgbọ́n Yorùbá ni ọfọ̀ inú rẹ̀.

Àwọn kan ní kí a gbà á lọ́wọ́ ọmọ. Àlùfáà ni mí, síbẹ̀ èmi kò fara mọ́ èyí. Àròsọ ni, láti ọdún 1938 ni Fágúnwà ti ń fi iwin kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ohun tí ó dùn mí ni pé ọmọ tí ó ka ọfọ̀ Zélie já geere kò lè ki baba ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Karin Barber ti ìlú òyìnbó wá gbọ́ oríkì lẹ́nu àwọn ìyá wa ní Òkukù níhìn-ín, ó sì fi ṣe ìwé ní ọdún 1991.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ ka ìwé rẹ̀ lọ́sàn-án. Bí ilẹ̀ bá ṣú, kí ìyá àgbà pè é, kí ó kọ́ ọ ní oríkì orílẹ̀ rẹ̀. Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde.