A Kì Í Fárí Lẹ́yìn Olórí: Ìjà àti Ìjókòó Ìlú nínú Ìtàn Ẹ̀gbá

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí a ṣe ní Àdìgbẹ, Abẹ́òkúta

Ọ̀rọ̀ ìjà ni mo gbé wá síwájú yín.

Wọ́n tọ́ wa dàgbà pé ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọni. Láàárín ẹni méjì, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èrò gbogbo ará ìlú kò lè ṣọ̀kan lórí owó, lórí ilẹ̀, lórí ìsìn àti lórí ẹni tí àṣẹ tọ́ sí. Ìyàtọ̀ yìí kọ́ ló ń ba ìlú jẹ́. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn má ríbi sọ ọ́. Níbi tí ìjókòó bá wà fún aáwọ̀, aáwọ̀ a máa bí òfin tuntun. Níbi tí kò bá sí, òkú ló máa ń bí. Ìtàn ìlú yìí ni mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí.

Ìjókòó tí àwọn baba wa fi sílẹ̀

Nígbà tí Ẹ̀gbá ṣì wà nínú igbó wọn àtijọ́, tí àwọn ìlàrí Ọ̀yọ́ ń jẹ gàba lé wọn lórí, Líṣàbi, aṣíwájú wọn, kò kọ́kọ́ pe ogun. Àáró ló pè. Ẹ bá mi ro oko mi lónìí, kí n bá yín ro tiyín lọ́la. Ìdí oko ni wọ́n ti mọ inú ara wọn, tí ẹgbẹ́ iṣẹ́ fi di ẹgbẹ́ Olórógun, tí wọ́n sì gba ara wọn lọ́wọ́ Ọ̀yọ́. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn lọ́jọ́ náà, n kò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé àwọn tó jọ ń ṣiṣẹ́ ló jọ gbìmọ̀.

Nígbà tí wọ́n tẹ Abẹ́òkúta yìí dó lábẹ́ àpáta Olúmọ ní 1830, tí Ṣódẹkẹ́ ṣíwájú wọn, kò sí ọba kan tó jẹ lórí gbogbo wọn. Aké, Òkè-Ọnà àti Gbágùúrá wá pẹ̀lú ìlú wọn àti oyè wọn. Òwu bá wọn ní 1834. Ògbóni ń dájọ́, Ológun ń ṣọ́ ìlú, Pàràkòyí ń rí sí òwò. Ọdún 1854 ni Òkúkẹ́nù tó jẹ Aláké àkọ́kọ́ nílùú yìí. Fún ọdún mẹ́rìnlélógún, ìjókòó ló ń ṣèlú. Ìlú tí kò ní ọba kan yìí ló lé ogun Dàhòmì padà ní oṣù Kẹta ọdún 1851.

Ẹnikẹ́ni lè bi mí pé, ìfọ́lé ti 1867 ńkọ́? Ìlú tó ní ìjókòó yìí náà ló ṣáà fọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, tó lé àwọn òyìnbó oníwàásù jáde, tí Ìwé Ìròhìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ní 1859 sì tibẹ̀ kú. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ wo ẹni tí wọ́n ń bá jà gan-an. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Èkó ni, lórí owó ibodè àti ààlà ilẹ̀. Ìjọba yẹn kò jókòó sí ilé Ògbóni kankan, Ẹ̀gbá náà kò sì ní àga l'Ékòó. Ìbínú tí kò rí ẹni tó tọ́ sí bọ́ sórí ẹni tó wà nítòsí. Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ sá lọ tẹ̀dó sí Èbúté-Mẹ́ta.

Nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn

Ní 1893, Gẹ̀ẹ́sì bá Ẹ̀gbá tọwọ́ bọ̀wé pé òun kò ní gba òmìnira wọn. Ẹ̀gbá dá ìjọba tiwọn sílẹ̀, wọ́n ní akọ̀wé, wọ́n ní ilé ẹjọ́, wọ́n sì ń la ọ̀nà. Ta ló ń la ọ̀nà náà? Àwọn ará abúlé ni, lọ́fẹ̀ẹ́, tipátipá. Ní 1914 wọ́n mú àgbàlagbà kan ará Ìjẹmọ̀ lórí iṣẹ́ ọ̀nà yìí, ó sì kú sí àhámọ́. Àwọn ènìyàn rẹ̀ dìde, wọ́n ní kí akọ̀wé ìjọba, Adégbóyèga Ẹdun, fi ipò sílẹ̀. Dípò ìdáhùn, ìjọba Ẹ̀gbá ránṣẹ́ sí ṣójà Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, ìbọn dún n'Íjẹmọ̀, Olúwo Ìjẹmọ̀ wà lára àwọn tó kú, ilé sì jóná. Kí oṣù tó tẹ̀ lé e tó parí, òmìnira tí ìwé 1893 ṣèlérí ti lọ.

Lẹ́yìn náà, Gẹ̀ẹ́sì sọ Aláké di aláṣẹ kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ ká rọra wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ẹni tí Ògbóni lè bá wí tẹ́lẹ̀, òyìnbó nìkan ló tó o bá wí báyìí. Àga ìjòyè ṣì wà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ lórí rẹ̀ kò lè dá nǹkan kan dúró mọ́.

Ní 1918 ni owó orí dé: ṣílè márùn-ún lórí ọkùnrin, ṣílè méjì àbọ̀ lórí obìnrin. Kò pẹ́ tí Ogun Adúbí fi bẹ́ sílẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ hú irin rélùwéè, wọ́n gé wáyà, wọ́n pa Ọ̀ṣilẹ̀, ọba Òkè-Ọnà. Àwọn ṣójà tó ń ti ogun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà bọ̀ ni ìjọba kó tì wọ́n. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ló kú, owó orí sì dúró digbí. Ìgboyà kò wọ́n àwọn ará oko wọ̀nyẹn. Ibi tí wọ́n á gbé ẹ̀dùn ọkàn wọn sí ni kò sí.

Àwọn obìnrin kọ́ ìjókòó tuntun

Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá nígbà náà, owó orí ọkọ ló ń kárí aya. Ní Abẹ́òkúta, obìnrin ń dá tirẹ̀ san. Òun náà ló ń gbé gàrí àti epo wá sọ́jà, òun ló ń pa aró n'Ítòkú. Nígbà tí ọ̀ràn sóódà àti aró òyìnbó dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn aláró àti ààfin ní 1936, wọ́n gba agbẹjọ́rò, wọ́n sì gbé ẹjọ́ wọn dé iwájú gómìnà. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tí gbogbo ìlú ń pè ní Béèré, ló kọ́ obìnrin Ẹ̀gbá bí a ti ń béèrè ẹ̀tọ́. Ohun tó ṣe ni pé ó so ọwọ́ wọn pọ̀.

Béèré ti ní ẹgbẹ́ àwọn ìyá tó kàwé, tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti ètò ilé. Nígbà tó di 1944 tí àwọn ìyá ọjà bẹ̀rẹ̀ sí wá kọ́ ìwé lọ́dọ̀ wọn, ìtàn yí padà. Ẹni tó wá kọ́ á-bí-dí ń sọ bí wọ́n ṣe gba ìrẹsì rẹ̀ ní pọ́ọ́kú ní àkókò ogun Hitler. Ìyàwó olùkọ́ tó rò pé òun ń ran òtòṣì lọ́wọ́ wá rí i pé òun gan-an ló wá kẹ́kọ̀ọ́. Ní 1946 wọ́n sọ ọ́ di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, oníṣòwò àti olùkọ́ jọ wà nínú rẹ̀, onígbàgbọ́, mùsùlùmí àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ pẹ̀lú. Àáró Líṣàbi rèé nínú aṣọ tuntun: àwọn tó jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ ló jọ gbìmọ̀.

Ìbéèrè wọn kò ju èyí lọ: kí obìnrin tí kò ní ẹnu nínú ìgbìmọ̀ má san owó orí mọ́, kí wọ́n bu owó orí lé àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó tó ń jèrè nílùú, kí obìnrin sì wọ ìgbìmọ̀. A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Nígbà tí ìjọba kò fún wọn níwèé àṣẹ láti wọ́de, wọ́n ní ìnáwó àti fàájì làwọn ń ṣe. Béèré kọ́ wọn bí a ṣe ń ṣe sí afẹ́fẹ́ tajútajú. Ní ìparí oṣù Kọkànlá ọdún 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn yí ààfin Aké ká, wọ́n sì sun ibẹ̀. Wọ́n tún padà lọ ní oṣù Kejìlá.

Ní 1948 ìjọba dá owó orí obìnrin dúró, obìnrin sì wọ ìgbìmọ̀ tuntun. Ní oṣù Kìíní ọdún 1949, Aláké Ọládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fi oyè sílẹ̀, ó lọ sí Òṣogbo. Ní 1950 ó padà, ó sì wà lórí oyè títí di 1962. Àwọn kan ní ìpadàbọ̀ yìí fi hàn pé asán ni ìjà náà. Èmi kò gbà. Ó fi hàn pé ìlú lè bá ọba jà, kí oyè má parun, kí ẹ̀jẹ̀ má ṣàn bíi ti Ìjẹmọ̀, kí àṣẹ sì má padà di ti ẹnì kan ṣoṣo.

Ohun tí ìwé ṣe fún wa

Ìwé ìjọba ìgbà náà yóò sọ iye owó orí fún wa. Bí àwọn ìyá ọjà ṣe sọ̀rọ̀ láàárín àwọn ìyàwó olùkọ́, ìwé Aké tí Wọlé Ṣóyínká tẹ̀ jáde ní 1981 ni mo ti kà á. Ọmọdé ni Ṣóyínká nígbà náà. Ó ń jíṣẹ́ láàárín àwọn ìyá, ó sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti kàwé. Ọmọ tó jókòó síbi tí àgbà ti ń jiyàn gbé iyàn náà dé ọ̀dọ̀ wa. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, nítorí náà kò sí ìdí tí ọmọ Àdìgbẹ kò fi ní kà á ní èdè ìyá rẹ̀.

Àdìgbẹ lónìí

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ẹgbẹ́ onílé ni ìjókòó tó sún mọ́ wa jù lọ. Ibẹ̀ la ti ń dá owó ọlọ́dẹ, owó táńsífọ́mà, owó gọ́tà. Ayálégbé ń san nínú owó yìí. Ìyá tó na tábìlì tòmátì sẹ́bàá ọ̀nà ń san tirẹ̀ lọ́jà. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ìlú yìí, àwọn méjèèjì kì í sí níbi tí wọ́n ti ń pinnu iye tí wọ́n máa san. Bí wọ́n bá béèrè, a ní wọ́n ń ṣe jàgídíjàgan. Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin onílé, kí ni ìyàtọ̀ láàárín èyí àti ohun tí àwọn ìyá wa kọ̀ ní 1947?

Ẹ má sì rò pé ìjókòó tí a bá ti gbà lẹ́ẹ̀kan ti di tiwa títí láé. Béèré fúnra rẹ̀, ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ kò fà á kalẹ̀ ní ìbò 1959; ó dá dúró du ipò náà, kò sì wọlé. Ní 1977 ṣójà jù ú láti ojú fèrèsé nílé ọmọ rẹ̀ l'Ékòó. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló kú. Ẹni tó ní ìbọn ṣì gbà pé òun kò ní í fèsì.

Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èkíní, kí ẹgbẹ́ àdúgbò kọ̀ọ̀kan fún ayálégbé àti àwọn ìyá ọjà ní àga, kí a sì ka ohùn wọn mọ́ tiwa nígbà tí a bá ń dìbò. Èkejì, kí akápò máa ka owó tó wọlé àti èyí tó jáde sókè lóṣooṣù, ní Yorùbá, kí ẹnikẹ́ni sì lè bi í léèrè láìsí ìbẹ̀rù. Ẹ̀kẹta, kí àwọn ilé ìwé wa kọ́ ọmọ ní ìtàn Ìjẹmọ̀, Adúbí àti 1947 papọ̀, kí wọ́n rí ohun tó mú ti ìkẹyìn yàtọ̀ sí méjì ìṣáájú.

Ìpàdé ẹgbẹ́ onílé tí a máa ṣe lóṣù tó ń bọ̀ kò jìnnà. Onílé tó bá wà níbí, ẹ mú ayálégbé kan dání lọ, kí ẹ sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀.