Kí A Tó Ra Kọ̀ǹpútà fún Ilé-Ìwé Wa, Ẹ Jẹ́ Ká Wo Àpótí Rẹ̀ Ná

(Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ìlú wa kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe bá wa sọ níbi ìpàdé gbogbogbò. A tẹ̀ ẹ́ síbí fún àwọn tí kò lè wá.)

Akọ̀wé ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo ní, mi ò ní kọjá ẹ̀.

Wọ́n ní kí n wá sọ irú kọ̀ǹpútà tó yẹ ká rà sí ilé-ìwé girama wa. Mo mọ̀ pé ẹ ń retí kí n sọ bó ṣe máa yára tó àti iye RAM tó máa ní. Ìyẹn ò le, ẹ máa rí i lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á. Ọ̀rọ̀ àpótí irin tí wọ́n kó gbogbo ẹ̀ sí ni mo bá wá, èyí tí gbogbo wa ń pè ní CPU. Kì í sì í ṣe CPU o! CPU ni ọpọlọ kékeré tó wà nínú lọ́hùn-ún, kò fẹ̀ ju páálí ìṣáná lọ. Ṣùgbọ́n mi ò wá bá yín jà lórí orúkọ.

Ẹ rántí kọ̀ǹpútà méjìlá tá a gbà lọ́jọ́sí. Pẹlẹbẹ ni wọ́n, wọ́n dùn ún wò lórí tábìlì. Nígbà tí mo wálé Kérésì tó kọjá, ọ̀gá ilé-ìwé mú mi dé sítọ̀ọ̀. Mẹ́sàn-án ti wà nílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n fi aṣọ bò wọ́n bí òkú. Mo jókòó tì wọ́n, mo yọ power pack ọ̀kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́, mo ń fi dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbà mí gbọ́, méje ló tàn! Motherboard wọn ò ní nǹkan kan, hard disk wọn wà láàyè, iṣẹ́ àwọn ọmọ ṣì wà lórí ẹ̀. Power pack nìkan ló kú. Ẹ kúkú mọ iná wa: á lọ, á dé lójijì, á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Power pack ló máa ń kọ́kọ́ gba ẹ̀ṣẹ́ yẹn.

Tó bá jẹ́ àpótí gidi ni, ìrọ̀lẹ́ kan ni ǹ bá fi tún méjèèje ṣe. Ṣùgbọ́n power pack tiwọn gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, irú kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Ẹnu wáyà ẹ̀ kì í ṣe oníhò 24 tó wà káàkiri ọjà. Mo wá a dé Computer Village ní Ìkẹjà. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo rí tó ní i, àlòkù ni, iye tó pè é sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ra odindi kọ̀ǹpútà àlòkù mìíràn. Ká wá ní ká yọ ti ọ̀kan fún èkejì ńkọ́? Nǹkan kan náà ló kú lára gbogbo wọn, ta ni yóò wá yá ta? Bí mo ṣe da aṣọ bò wọ́n padà nìyẹn. Ó dùn mí, torí owó tá a dá ni.

Báyìí, ẹ gbọ́ ohun tí ń jẹ́ àpótí gidi. Ṣé ẹ mọ búlọ́ọ̀kù ínṣì mẹ́sàn-án? Ẹni yòówù kó gbé e kalẹ̀, ní Ìbàdàn ni o, ní Ìlọrin ni o, bíríkìlà mọ̀ pé yóò bá ògiri mu. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Intel ṣe ní 1995, wọ́n pè é ní ATX. Wọ́n fi ibi tí ihò nọ́ọ̀tì yóò wà lélẹ̀, àti bí power pack yóò ṣe tóbi tó. Láti ìgbà náà, onírúurú ilé-iṣẹ́ ló ń ṣe é, tiwọn sì ń wọ inú ara wọn. Power pack ATX, ẹ̀yìn ẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 150, ó ga ní 86, nọ́ọ̀tì mẹ́rin ló dè é. Motherboard ATX ńlá jẹ́ 305 sí 244. Micro-ATX jẹ́ 244 sí 244, èyí sì tó fún ilé-ìwé, kò gba àyè púpọ̀ lórí tábìlì.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ ọ o. Àwọn àpótí kan wà tí wọ́n kọ micro-ATX sí lára, tó sì jẹ́ power pack tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gbà. Ẹ mú téèpù dání lọ sọ́jà. Tí ihò ẹ̀yìn ẹ̀ bá jẹ́ 150 sí 86, ẹ rà á. Tí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kí ọlọ́jà, ẹ máa lọ.

Ẹ̀gbọ́n kan bi mí lórí WhatsApp wa pé ṣebí àwọn kan wà tí kò lo sukurudiráfà rárá, téèyàn bá ti fa nǹkan kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti ṣí. Bẹ́ẹ̀ ni, sà, wọ́n wà, wọ́n sì dára. Ṣùgbọ́n ṣíṣí lọ́tọ̀, pípààrọ̀ lọ́tọ̀. Àwọn mẹ́sàn-án tó wà ní sítọ̀ọ̀ yẹn, ọwọ́ lásán ni mo fi ṣí wọn! Ó ṣí wẹ́rẹ́, kò sì sí nǹkan tí mo lè fi sí i. Ìwọ̀n ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè, kẹ́ ẹ tó wá béèrè ìrọ̀rùn.

Ìrọ̀rùn náà ṣe pàtàkì ṣá, torí olùkọ́ àti àwọn ọmọ ló máa ṣe é, kì í ṣe èmi. Kí nọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ jẹ́ irú èyí tó lórí ńlá, téèyàn lè fi ìka tú. Kí ibi tí hard disk ń jókòó ṣe é fà jáde bíi dúrọ́ọ̀. Kí ihò ńlá wà lára irin tí motherboard fẹ̀yìn tì, ní ẹ̀yìn CPU gan-an. Tí kò bá sí i, tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ fáànù orí CPU tí wọ́n dè láti ẹ̀yìn, gbogbo motherboard lẹ máa tú sílẹ̀. Mo ti ṣe é rí, mi ò fẹ́ kí ọmọ ẹnikẹ́ni ṣe é. Kẹ́ ẹ sì fi ìka rọra tọ etí irin inú ẹ̀. Àwọn olówó pọ́ọ́kú máa ń mú bí abẹ. Àpá tó wà lọ́wọ́ mi yìí, ibẹ̀ ló ti wá.

Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀ náà. Àwọn irin pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tó dí ihò tí káàdì ń gbà wọlé. Nínú àpótí tí kò dáa, ṣe lèèyàn máa ń ṣẹ́ ẹ dà nù, kò sì ṣe é dá padà mọ́. Ihò á wá là sílẹ̀, ọmọọ́lé á wọlé, á lọ sùn síbi tó móoru. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti yọ ọmọọ́lé tó ti jóná kúrò lórí motherboard. Èyí tí wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè ni kẹ́ ẹ rà. Eruku ọyẹ́ ńkọ́? Kí asẹ́ wà níwájú fáànù, kó ṣe é yọ, kó ṣe é fọ̀.

Onídígí tó ń tan iná aláwọ̀ mèremère, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Èkó. Ẹ ro ọ̀nà wa láti títì wọ ìlú, kẹ́ ẹ ro dígí.

Ẹ̀yin ará wa lókè òkun, ẹ ṣé tẹ́ ẹ ń bá wa kó èyí tí ọ́fíìsì ń dà nù lọ́hùn-ún. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó sanwó ẹrù, ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ ya fọ́tò power pack àti ẹnu wáyà tó wọ motherboard, ẹ fi ránṣẹ́. Àwọn kan wà tí power pack wọn rí bíi ti gbogbo ayé, tó sì jẹ́ ẹnu wáyà ẹ̀ ló yàtọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn irú ẹ̀ dandan, ẹ bá wa ra power pack àpààrọ̀ díẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, ẹ tún wò ó bóyá bọ́tìnnì pupa wà lẹ́yìn ẹ̀ tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Tó bá wà lórí 115 tá a sì kì í bọ iná tibí, ó parí nìyẹn.

Wọ́n á ní kí ló dé tá ò ra láptọ́ọ̀pù. Láptọ́ọ̀pù dára fún ẹni tó ń rìn. Yàrá kọ̀ǹpútà ò rìn lọ sí ibì kankan.

Ọ̀rọ̀ kan fún olùkọ́: ẹ yọ wáyà iná pátápátá kẹ́ ẹ tó ṣí i, kẹ́ ẹ fọwọ́ kan irin ẹ̀ kẹ́ ẹ tó kan ohun tó wà nínú. Power pack fúnra ẹ̀, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ lódindi, ẹ má tú u láéláé. Iná ṣì máa ń wà nínú ẹ̀ lẹ́yìn téèyàn bá ti yọ wáyà.

Mo gbé àpótí kan wá, òun nìyí lórí tábìlì. Power pack inú ẹ̀ ti kú, tuntun wà nínú páálí yìí. Mo ti yọ wáyà iná ẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ girama méjì tó jókòó síwájú yẹn, ẹ máa bọ̀, ẹ gba sukurudiráfà. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin ni. Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa wo aago.