Ayùn Oníná: Èwo ni Kí Á Rà?

Ní ọdún 1951 ni ilé-iṣẹ́ Milwaukee ní Amẹ́ríkà gbé ayùn tí wọ́n pè ní Sawzall jáde. Abẹ rẹ̀ a máa lọ síwájú, a sì máa bọ̀ sẹ́yìn bí ọwọ́ káfíńtà, ṣùgbọ́n wéréwéré. Igi ni, ìṣó ni, páìpù irin ni, gbogbo rẹ̀ ni ó ń gé. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, ariwo rẹ̀ ńkọ́!

Owó ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá lè má ká ju ẹyọ kan lọ. Oníwáyà kì í rẹ̀, àfi bí iná bá lọ. Oníbátìrì ṣeé gbé gun òrùlé, ṣùgbọ́n ayùn yìí a máa jẹ bátìrì, bátìrì sì wọ́n. Bí ẹ bá ní ṣọ́ọ̀bù tí iná wà, oníwáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ rà.

Kí ẹ tó pààrọ̀ abẹ, ẹ yọ wáyà lára iná ná.