Omi Ni í Fọ Ẹ̀tù

Ọ̀pọ̀ ọdẹ gbà pé ọ̀tá irin ni omi, nítorí náà kẹrosíìnì nìkan ni wọ́n fi ń nu ṣakabùlà. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀tù, bí ìdá 75 nínú 100 jẹ́ iyọ̀ náítírétì. Èédú àti imí-ọjọ́ ni ìyókù. Bí ó bá jó tán, eérú oníyọ̀ ni í kù nínú ọ̀pá ìbọn. A máa fa ọ̀rinrin mọ́ra, irin a sì dógùn-ún. Kẹrosíìnì kì í yọ́ iyọ̀. Omi ni í yọ́ ọ.

Kí ọdẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ìbọn ṣófo. Kí ó fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ó nù ún gbẹ kaka, kí ó wá fi òrí díẹ̀ pa á. Ọ̀pá tí ó ti dógùn-ún lè fọ́ mọ́ ọdẹ lójú.