Kí ẹ tó fi fáìlì ńlá ránṣẹ́ lórí ímeèlì, ẹ rántí ẹni tó máa gbà á



Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀bi ara mi bẹ̀rẹ̀. Àbújá ni mo wà lọ́jọ́ náà, mo fi àwòrán márùn-ún ránṣẹ́ lórí ímeèlì sí àbúrò mi kan tó wà ní Sókótó. Gbogbo rẹ̀ tó 20MB. Mi ò béèrè, mi ò sì kìlọ̀ fún un.

Àbúrò mi ò ní Wi-Fi. Dátà kékeré orí fóònù ló fi ń lo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ètò tó fi ń gba ímeèlì sì máa ń fa ohun gbogbo wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwòrán mi ló ṣíwájú. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, títí dátà fi tán.

Lẹ́tà tí wọ́n fi pè é fún ìdánwò iṣẹ́ wà lẹ́yìn àwòrán mi. Ìgbà tó fi máa rí i, ìdánwò ti kọjá.

Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò bá ti kọ́kọ́ pè mí." Mi ò rí èsì fọ̀.

Kí ló ń mú un wúwo?

Gmail gbà kí èèyàn fi fáìlì tó tó 25MB ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Àpótí àwọn iléeṣẹ́ mìíràn kan kì í gbà tó bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni fáìlì 20MB kì í dúró ní 20MB. Ímeèlì máa ń yí i padà kó tó gbé e, ìyẹn sì ń fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta kún un. Ó lè di 27MB lójú ọ̀nà. Ẹ wá fi ránṣẹ́ sí èèyàn 50!

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa náà kò ṣeé gbójú lé. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan, ará Nàìjíríà, Gánà, Liberia àti Côte d'Ivoire ló jìyà rẹ̀.

Kí ló yẹ ká ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ béèrè. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan tó: "Fáìlì 20MB wà lọ́wọ́ mi, ṣé kí n fi ránṣẹ́ báyìí?"

Ẹ dín àwòrán kù. Èyí tí wọ́n fẹ́ fi ojú fóònù wò lásán kò nílò 4MB.

Tó bá ṣì tóbi, ẹ gbé e sórí Google Drive, kí ẹ fi líǹkì ránṣẹ́. Ẹni náà á ṣí i nígbà tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ẹ fún un láṣẹ láti ṣí i, kó má baà dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ kọ ohun tó wà nínú fáìlì náà àti bó ṣe tóbi tó sínú lẹ́tà yín.

Nílé wa, a kì í ṣàdédé gbé ẹrù lé ẹni tí kò tíì ká òṣùká. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ímeèlì.