Ta Ló Wọn Ilẹ̀ Tí Omi Ń Gbà Kọjá?

Bí òjò bá ṣú ní Alímọ̀ṣọ́, ẹni tó wà lórí ilẹ̀ gíga a máa wá agboòrùn. Ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀ létí kánààlì, ní Ìjẹ̀gun tàbí Ìgàndo, a máa gbé ibùsùn sórí tábìlì.

Kọ̀ǹpútà ti lè sọ ibi tí omi yóò dé kí ó tó dé. Wọn a pín ilẹ̀ bíi táìsì ilẹ̀ pálọ̀, wọn a fún táìsì kọ̀ọ̀kan ní gíga tirẹ̀, wọn a sì sọ iye òjò tàbí iye omi odò fún un. Òun a wá máa ṣírò bí omi yóò ti ṣàn láti orí táìsì tó ga sí èyí tó relẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ló wọn ilẹ̀ náà? Ní oṣù kejì ọdún 2000, ọkọ̀ òfuurufú Endeavour ti Amẹ́ríkà lo ọjọ́ 11 lójú ọ̀run, ó fi rédà wọn èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ ayé. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún wa, a dúpẹ́. Àmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, táìsì tí Áfíríkà rí gbà jẹ́ mítà 90 níbùú lóròó. Pulọ́ọ̀tì 60 sí 120 ẹsẹ̀ bàtà bíi 12 ló wọnú ẹyọ kan, gbogbo wọn sì ní gíga kan ṣoṣo! Onílé orí òkè àti ayálégbé inú kòtò di ọ̀kan náà. Ní 2014 ni wọ́n tó tú ti mítà 30 sílẹ̀ fún wa. Síbẹ̀, orí páànù àti orí igi ni rédà náà sábà máa ń bà lé. Ní Ìkòtún tí ilé fún mọ́ ilé, òrùlé wa ló ń pè ní ilẹ̀. Àṣìṣe rẹ̀ lè tó mítà mélòó kan, bẹ́ẹ̀ omi orúnkún ti tó ba ilé jẹ́. Kí bàálù máa fi ìtànṣán laser wọn ilẹ̀ ló péye jù, ṣùgbọ́n owó ńlá ni.

Ẹlòmíràn á ní Dáàmù Ọyán ló ń fa tiwa. Rárá o. Odò Ògùn ni Ọyán ń dà sí, ìyẹn gba apá Kara àti Ajégúnlẹ̀ ọ̀nà Ìkòròdú. Odò Owo tó ń lọ sínú ọ̀sà Ologe ló sún mọ́ wa.

Nítorí náà, bí wọ́n bá torí máàpù fi ọ̀dà pupa sàmì sí ilé yín, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè pé: táìsì mítà mélòó lẹ lò? Ẹni tí omi ń wọlé rẹ̀ lọ́dọọdún tí máàpù kò sì rí, òun náà ní ẹjọ́ láti rò.

Máàpù kò mọ̀ pé pàǹtí ti dí abẹ́ afárá yín. Ẹ̀yin lẹ mọ̀. Àmì ẹrẹ̀ lára ògiri ni àwọn onímọ̀ fi ń yẹ ìṣirò wọn wò. Ní 10 July 2011, òjò tó rọ̀ l'Ékòó lé ní 200 mìlímítà. Ta ló kọ ibi tí omi dé sílẹ̀? A kun ògiri, àmì parẹ́.

Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní tépù àti ìwé. Bí omi bá ti fà, ẹ wọn láti ilẹ̀ dé ojú àmì ẹrẹ̀, ẹ kọ ọjọ́, wákàtí àti òpópónà. Ẹ má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ mú un fún akọ̀wé. A ó mú ẹ̀dà kan lọ sí ìjọba ìbílẹ̀, a ó sì fi ọ̀kan pa mọ́ sọ́wọ́ ara wa.