Ọ̀fun Dídùn: Ẹ Jẹ́ Kí A Máa Lo Oògùn Rẹ̀ Tán



Ìwé owó la máa ń wá yẹ̀ wò lọ́dọ̀ yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìlera la mú wá lónìí. Nínú ẹgbẹ́ kan tí à ń bójú tó, òbí kan wá yáwó láti fi tọ́jú ọkàn ọmọ rẹ̀. Dókítà ní ọ̀fun dídùn tí wọn kò tọ́jú tán ló dá a sílẹ̀.

Ọ̀fun dídùn kò rí bákan náà. Bí ikọ́ àti ọ̀fìnkìn bá wà níbẹ̀, tí ohùn sì há, fáírọ́ọ̀sì ló sábà máa ń fà á. Amoxicillin kò ràn án. Èyí tí kòkòrò Streptococcus ń fà máa ń dé lójijì: ara á gbóná, ó á nira láti gbé oúnjẹ mì, bélubèlu á wú, nígbà mìíràn pẹ̀lú àmì funfun, kókó ọrùn á sì máa dunni. Àwọn ọmọ ọdún 5 sí 15 ló ń mú jù, ṣùgbọ́n ó ń ran òbí àti olùkọ́ wọn pẹ̀lú.

Bí a kì í ti í fi ojú lásán mọ̀ pé owó àpótí pé, bẹ́ẹ̀ ni a kì í fi ojú lásán mọ àrùn yìí dájú. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n fi òwú nu ọ̀fun náà, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí ó bá jẹ́ òun, penicillin tàbí amoxicillin ni wọ́n sábà ń kọ fúnni, fún ọjọ́ 10 gbáko. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ penicillin, kí ó sọ, òmíràn wà. Ibi tí a ti ń ṣìṣe nìyí: bí ara bá fúyẹ́ lọ́jọ́ kẹta, a ó fi èyí tó kù pamọ́. Ẹni tó san ìdajì ẹ̀yáwó kò tíì bọ́ nínú gbèsè. Ọrùn onídùúró ló ṣì wà. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, ibà tí ń mú oríkèé wú lè dé, ó sì lè ba ọkàn ọmọ jẹ́ títí ayé.

Ẹ̀yin òbí, owó oògùn ọjọ́ 10 kéré sí owó ìtọ́jú ọkàn. Ẹ má ṣe dá a dúró lójú ọ̀nà.